Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá yíìsì yín ṣì wà láàyè, bẹ́ ẹ ṣe máa jí i, àti bó ṣe ń dàgbà

Ohun kan wà tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a máa ń po fúláwà. Èèyàn á pò ó tán, á bò ó, á dúró wákàtí kan, wákàtí méjì, kò wú, ó kàn jókòó síbẹ̀ gbagidi. Wọ́n á ní yíìsì yẹn ò dáa, wọ́n á dà á nù, wọ́n á ra òmíì, wọ́n á sì tún lo omi gbígbóná kan náà tí wọ́n lò lákọ̀ọ́kọ́. Tèmi ni pé ká tó dá yíìsì lẹ́bi, ká kọ́kọ́ béèrè irú ooru tá a fi ṣe é. Ohun alààyè ni yíìsì, ó ń jẹun, ó ń mí, ó ń bímọ, ó sì ń kú, ooru ló ń pàṣẹ fún gbogbo ẹ̀. Mo tò ó ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ sísàlẹ̀ yìí, màá sì máa dáhùn àwọn ìbéèrè táwọn èèyàn sábà máa ń béèrè bá a ṣe ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ kìíní, torí òun ló máa gba fúláwà yín lọ́wọ́ òfò.

Kí ni yíìsì gan-an?

Ẹbí kan náà ni òun àti olú, àti ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu tó bá pẹ́ nílẹ̀. Kì í ṣe ewéko, kì í ṣe ẹranko, kì í sì í ṣe bakitéríà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni odindi ara ẹ̀. Irú ẹ̀ pọ̀ gan-an láyé, àmọ́ èyí tá a fi ń ṣe búrẹ́dì, tí wọ́n tún fi ń ṣe bíà àti wáìnì, ni wọ́n ń pè ní Saccharomyces cerevisiae. Ó kéré débi pé tẹ́ ẹ bá to 100 tàbí 200 nínú wọn sójú ìlà kan, gbogbo ìlà yẹn ò ju mìlímítà kan lọ. Torí náà horo kékeré kan tẹ́ ẹ bá rí nínú yíìsì gbígbẹ, kì í ṣe yíìsì kan, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló kó jọ síbẹ̀, àwọn tó wà níta ti kú, wọ́n wá di èèpo tó ń dáàbò bo àwọn tó ń sùn nínú.

Àwọn kan ṣì máa ń béèrè pé ṣé lóòótọ́ ló wà láàyè àbí kẹ́míkà lásán ni. Ìbéèrè yẹn ti da àwọn onímọ̀ gan-an láàmú rí. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands kan, Antonie van Leeuwenhoek, ti fi máíkírósíkóòpù (ẹ̀rọ tó ń mú kí ohun tójú ò lè rí hàn kedere) tó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe rí yíìsì nínú bíà ní 1680, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ohun tó ń wò ní ẹ̀mí. Ó di àwọn ọdún 1830 kí Cagniard-Latour ní Faransé àti Theodor Schwann ní Jámánì tó sọ ọ́ jáde pé ohun alààyè ni, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kẹ́mísìrì ayé ìgbà yẹn ò gbà rárá, àfìgbà tí Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiẹ̀ lórí ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1857 lọ́rọ̀ náà tó fìdí múlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fúláwà

Ẹ wá kọ́ọ̀pù tó gba 240 mílílítà, èyí tẹ́ ẹ lè rí inú ẹ̀ láti ìta ló dáa jù. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 120 mílílítà sínú ẹ̀, ìyẹn ìdajì. Ẹ da ṣúgà ṣíbí tíì kan sí i, ẹ rò ó títí á fi yòrọ̀. Ẹ wá wọ́n yíìsì gbígbẹ tó tó gíráàmù 7 sójú omi náà, òun ni nǹkan bíi ṣíbí tíì méjì àti díẹ̀, òun náà ló sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré. Ẹ fi sílẹ̀ kó mu omi fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ rò ó pọ̀, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn tútù ò ti ní máa fẹ́ sí i, ẹ má sì tún fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 10.

Tó bá wà láàyè tó sì lágbára, ẹ máa kọ́kọ́ rí i pé àwọn horo kan tó ti rì ń gòkè bọ̀ wá sójú omi, lẹ́yìn náà ìhó máa bẹ̀rẹ̀ sí í ru, nígbà tó bá fi máa pé ìṣẹ́jú 10 ìhó yẹn á ti gòkè dé ẹnu kọ́ọ̀pù tàbí kó súnmọ́ ọn, òórùn búrẹ́dì á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èyí tó hó díẹ̀, tí ìhó ẹ̀ ò gòkè, ó wà láàyè àmọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ ti kú, ẹ lè lò ó tẹ́ ẹ bá fi kún un tẹ́ ẹ sì fún un lásìkò sí i. Èyí tó kàn rì sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀, tí omi kàn dà bíi mílíìkì lórí ẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n tó bá rì, ẹ má tíì da yíìsì tó ṣẹ́ kù nínú páálí nù. Ẹ bu òmíì níbẹ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi tẹ̀ẹ̀kejì tutù díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí tẹ̀ẹ̀kejì bá hó, ẹ ti mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àwọn tó ń lo ínsítáǹtì, ìyẹn yíìsì gbígbẹ tí kò pọn dandan kéèyàn kọ́kọ́ jí, máa ń ní wọ́n ò nílò gbogbo eléyìí torí pé wọ́n lè dà á tààrà sínú fúláwà gbígbẹ. Òótọ́ ni pé kò pọn dandan kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, horo tiẹ̀ kéré, ó sì yára mu omi. Àmọ́ tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣí i, ẹ bu díẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ fi dán an wò, kò ná yín ju ṣúgà díẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: omi yẹn, báwo ló ṣe yẹ kó gbóná tó?

Ibí ni màá ti pẹ́ díẹ̀ torí ibí ni gbogbo ẹ̀ wà.

Nínú fíríìjì, ní bíi dígírì 4 Celsius, yíìsì ń sùn ni, kò kú. Tí ooru bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, òun náà á máa jí díẹ̀díẹ̀. Láàárín 25 sí 35 ló ti máa ń gbádùn ara ẹ̀, ní nǹkan bíi 30 ló sì ti ń bímọ dáadáa jù. Yíìsì gbígbẹ onísáṣẹ́ẹ̀tì yẹn, èyí tí kì í ṣe ínsítáǹtì, nílò omi tó gbóná díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó lè jí, ìyẹn 38 sí 43. Tó bá ti ń lọ sí 50, ó ti ń jìyà, tó bá wá dé 55 sí 60, ó ń kú nìyẹn, ẹni tó ti kú ò sì lè jí mọ́ bó ti wù kẹ́ ẹ fún un ní ṣúgà tó.

Ṣé omi tútù náà burú? Kì í pa á, àmọ́ fún yíìsì gbígbẹ, tó bá jẹ́ omi tútù ló kọ́kọ́ mu, ara sẹ́ẹ̀lì náà ò ní lè tún ara ẹ̀ ṣe dáadáa, àwọn nǹkan inú ẹ̀ á máa jò jáde, èyí tó bá jò jáde yẹn á sì mú kí fúláwà pípò yín rọ̀ kó má lágbára. Torí náà ọ̀rọ̀ pé omi kò gbọ́dọ̀ gbóná ò wá túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ lọ fi omi fíríìjì rẹ ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà, ó parí. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ọ̀nà méjì ni mo fọkàn tán. Àkọ́kọ́, ẹ kán omi náà sí inú ọrùn ọwọ́ yín, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Ara èèyàn jẹ́ nǹkan bíi 37, torí náà omi tó bá yẹ á kàn dà bíi pé ó gbóná díẹ̀ ju ara yín lọ, tó bá ta yín lára, ó ti gbóná jù. Ìkejì, ẹ wọ̀n ọ́n: omi híhó kọ́ọ̀pù kan sínú omi lásán kọ́ọ̀pù mẹ́ta. Tí omi lásán yẹn bá wà ní 20, ohun tẹ́ ẹ máa rí ò ní jìnnà sí 40. Ibi tó bá jẹ́ pé ooru máa ń mú, tí omi lásán fúnra ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28, ẹ sọ mẹ́ta yẹn di mẹ́rin. Ẹ po omi méjèèjì pọ̀ tán kẹ́ ẹ tó da yíìsì sí i o, ẹ má da yíìsì sínú omi híhó kẹ́ ẹ wá máa sáré bu omi tútù lé e, ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ló ń jẹ?

Ṣúgà ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ṣúgà. Ó fẹ́ràn glucose àti fructose, irú ṣúgà méjì tí kò ṣòro jẹ fún un, àwọn ló máa kọ́kọ́ jẹ. Ṣúgà funfun tá a ń lò nílé, yíìsì ní ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà tó ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, tó fi ń gé e sí méjì kó tó jẹ ẹ́. Oyin, ó ń jẹ ẹ́. Ṣúgà inú mílíìkì, ìyẹn lactose, kò lè jẹ ẹ́ rárá, torí náà mílíìkì tẹ́ ẹ dà sí i kì í ṣe oúnjẹ fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn ohun adùn tí kì í ṣe ṣúgà, àwọn táwọn tó ní àtọ̀gbẹ máa ń lò, kò rí nǹkan kan jẹ nínú wọn.

Ṣé dandan ni ká fi ṣúgà sí fúláwà ká tó fi yíìsì pò ó? Rárá o. Fúláwà fúnra ẹ̀ ní sítáàṣì, ó tún ní ẹ́ńsáìmù tó jẹ́ pé bí omi bá ti kàn án báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé sítáàṣì yẹn di ṣúgà tí wọ́n ń pè ní maltose, yíìsì á sì máa jẹ ẹ́ lọ. Fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì nìkan tó láti ṣe búrẹ́dì tó dáa. Ṣúgà kàn ń jẹ́ kó tètè bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé ṣúgà tó pọ̀ jù ń dí i lọ́wọ́. Tí ṣúgà bá ti ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n fúláwà lọ, ìyẹn gíráàmù 50 nínú fúláwà gíráàmù 500, ẹ máa rí i pé kì í tètè wú mọ́. Ṣúgà máa ń fa omi mọ́ra, á máa fa omi jáde nínú sẹ́ẹ̀lì yíìsì, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀ ṣe ń ṣe é, iyọ̀ gan-an le jù ú lọ. Iyọ̀ gíráàmù 10 sínú fúláwà gíráàmù 500 kò burú, ó tiẹ̀ ń jẹ́ kó wú níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àmọ́ ẹ má da iyọ̀ sínú omi kékeré tẹ́ ẹ fi ń jí yíìsì. Ẹ pò ó mọ́ fúláwà kó tó pàdé yíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ràn kí búrẹ́dì ẹ̀ dùn gan-an, yíìsì kan wà tí wọ́n dìídì yàn fún fúláwà aláṣúgà púpọ̀, ẹ wò ó lára páálí, á wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fojú ara yín rí i

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá tí àwọn ọmọdé bá wà nítòsí, torí ó ń dáhùn ìbéèrè mẹ́rin pa pọ̀. Ẹ wá ìgò rọ́bà kékeré mẹ́ta àti ìgò gíláàsì kan, ẹ wá bàlúùnù mẹ́rin tí ẹnu ẹ̀ lè bo ẹnu ìgò. Ẹ kọ́kọ́ fa bàlúùnù yẹn síbí sọ́hùn-ún kó lè rọ̀. Ìgò kọ̀ọ̀kan máa gba omi 120 mílílítà àti yíìsì gbígbẹ ṣíbí tíì kan.

Nínú ìgò kìíní, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yíìsì, ṣúgà ṣíbí tíì méjì. Nínú ìkejì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti yíìsì nìkan, ẹ má fi ṣúgà sí i. Nínú ìkẹta, omi tútù, yíìsì, ṣúgà, kẹ́ ẹ sì gbé ìgò náà sínú fíríìjì. Ìkẹrin ni ti ìgò gíláàsì: nínú abọ́ kan lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ ti da omi híhó lé yíìsì àti ṣúgà, ẹ jẹ́ kó tutù di lílọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó dà á sínú ìgò, kó má lọ fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi bàlúùnù bo gbogbo ẹnu ìgò, ẹ dúró bíi wákàtí kan.

Ti kìíní á ti dìde. Tìkejì á kàn ṣe díẹ̀ tàbí kó má ṣe rárá, kò róúnjẹ jẹ. Tìkẹta á ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ ẹ gbé e jáde kúrò ní fíríìjì, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Tìkẹrin ò ní dìde láéláé. Ẹni tó bá fojú rí ìyàtọ̀ láàárín ìkẹta àti ìkẹrin, kò ní da omi híhó sí yíìsì mọ́ láyé ẹ̀.

Kí ló wà nínú bàlúùnù yẹn? Gáàsì carbon dioxide ni. Yíìsì á mú glucose kan, á sọ ọ́ di ethanol méjì, ìyẹn ọtí, àti carbon dioxide méjì, á sì rí agbára díẹ̀ mú nínú ẹ̀. Gáàsì yẹn ló ń wú fúláwà, ọtí yẹn ló ń mú bíà àti wáìnì pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé ẹ má fi ìdérí dí ìgò tí yíìsì àti ṣúgà bá wà nínú ẹ̀ pa. Gáàsì náà ò ní dúró, ìgò á bẹ́, tó bá sì jẹ́ ti gíláàsì ó lè ṣe èèyàn léṣe gidigidi.

Báwo ló ṣe wá ń bímọ? Kò nílò akọ àti abo láti bímọ lójoojúmọ́. Kókó kékeré kan á yọ lára ìyá, á máa tóbi, ìyá á pín gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ọmọ á já kúrò, òun náà á di ìyá. Ibi tí ọmọ ti já máa ń dá àpá sára ìyá, téèyàn bá fi máíkírósíkóòpù tó dáa wò ó, ó lè ka iye ọmọ tó ti bí. Ìyá kan máa ń bí tó 20 sí 30 kó tó darúgbó tó sì kú. Tí gbogbo nǹkan bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí oúnjẹ wà, tí ooru jẹ́ nǹkan bíi 30, wọ́n máa ń di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bíi 90 ìṣẹ́jú. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn wákàtí 15, ti di 1,024.

Àmọ́ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kíá. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró fúngbà díẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, wọ́n ń mú ara bá ibi tuntun mu ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á rú, wọ́n á pọ̀ bí eéṣú. Nígbà tí oúnjẹ bá ń tán tí ọtí ń pọ̀, wọ́n á dúró lójú kan, kí wọ́n tó wá máa kú. Ọtí tí wọ́n fúnra wọn ṣe náà ló ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ ò lè fara dà á tó bá ti wọ nǹkan bíi 14 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ebi bá wá pa wọ́n jù, àwọn kan nínú wọn ní ọgbọ́n mìíràn, wọ́n á pín ara wọn sí hóró mẹ́rin tó le gan-an, tó lè dúró pẹ́ títí oúnjẹ á fi tún dé.

Wọ́n tún máa ń béèrè bóyá ó nílò atẹ́gùn. Ó lè gbé láìsí i, ó sì lè gbé pẹ̀lú ẹ̀. Tí ọ́síjìn, ìyẹn èyí tó ń lò nínú atẹ́gùn, ò bá sí, ọtí àti gáàsì ló máa ṣe, agbára tó máa rí kéré. Tí ọ́síjìn bá wà tí ṣúgà ò sì pọ̀, á jó ṣúgà náà tán pátápátá, agbára púpọ̀ á wà, á sì lè fi bí ọmọ dáadáa. Àmọ́ tí ṣúgà bá pọ̀ rẹpẹtẹ níwájú ẹ̀, ọtí náà ló máa ṣe, kódà kí atẹ́gùn wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe yíìsì fi máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n á sì máa kán oúnjẹ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí yíìsì pọ̀, atẹ́gùn púpọ̀, ṣúgà díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gáàsì tàbí ọtí, kó fún un ní ṣúgà kó sì bò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nínú fúláwà

Ọ̀pọ̀ rò pé fúláwà ń wú torí pé yíìsì ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì tá a fi ń dúró, wọn ò tíì bímọ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tẹ́ ẹ dà sí i náà ló ń tú gáàsì jáde tí fúláwà pípò sì ń há gáàsì yẹn mọ́lé. Torí náà tí iye tó wà láàyè bá kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa dúró pẹ́.

Fún fúláwà gíráàmù 500, omi bíi 320 mílílítà, iyọ̀ gíráàmù 10, yíìsì gbígbẹ gíráàmù 7. Ẹ pò ó títí á fi dán tó sì ń fà, ẹ bò ó kó má gbẹ lójú, ẹ fi síbi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ẹ má fi aago ṣe é. Ìwé lè sọ wákàtí kan, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ wà lè tutù ju ti ẹni tó kọ ìwé lọ, ó sì lè gbóná jù ú lọ. Ẹ wò ó títí á fi di ìlọ́po méjì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ṣe é bó ṣe yẹ kó rí tó sì ti tún wú lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí ojú ibẹ̀ bá pa dà kíá, kò tíì tó. Tó bá ń pa dà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kò sì dí tán, ó ti tó, ẹ gbé e wọ inú ààrò. Tí kò bá pa dà rárá tàbí tó rọ̀ wálẹ̀, ó ti kọjá, gáàsì ti ń jò, ẹ pò ó díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó tún wú.

Nínú ààrò, ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ni yíìsì máa sáré ṣiṣẹ́ ìkẹyìn torí ooru ń dùn mọ́ ọn, búrẹ́dì á tún ga sí i. Nígbà tí inú búrẹ́dì bá kọjá 60, gbogbo wọn ti kú, inú búrẹ́dì tó jinná sì máa ń tó 93 sí 98. Ìdáhùn nìyẹn fún àwọn tó ń bẹ̀rù pé yíìsì inú búrẹ́dì á máa wú nínú ikùn àwọn.

Tó bá jẹ́ yíìsì tútù, èyí tó dà bíi búlọ́ọ̀kù rírọ̀ yẹn, lẹ ní, gíráàmù 10 ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú bíi gíráàmù 4 yíìsì gbígbẹ, tàbí bíi gíráàmù 3 àti díẹ̀ ínsítáǹtì. Omi ló pọ̀ nínú ti tútù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bẹ́ ẹ ṣe máa fà á sẹ́yìn, àti bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀

Ẹ lè po fúláwà lálẹ́ kẹ́ ẹ gbé e sínú fíríìjì di àárọ̀. Yíìsì á máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, adùn ẹ̀ á sì pọ̀ sí i torí àkókò wà fún àwọn nǹkan mìíràn tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dín yíìsì kù, bí ìdajì ti tó.

Èyí tẹ́ ẹ ti ṣí, ọ̀tá ẹ̀ ni ooru, ọ̀rinrin àti atẹ́gùn. Ẹ rọ ọ́ sínú nǹkan tó dé pinpin, ẹ gbé e sí fíríìjì, á wúlò fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, ní fírísà bí oṣù mẹ́fà. Yíìsì tútù ò ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ nínú fíríìjì. Déètì ara páálí dáa, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀pù ìgbésẹ̀ kìíní yẹn ni mo gbà gbọ́ jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín fúnra yín

Yíìsì ti wà lára wóró wíìtì láti oko wá, torí náà ó wà nínú fúláwà. Ẹ po fúláwà wíìtì tí wọn ò bó èèpo ẹ̀ gíráàmù 50 pọ̀ mọ́ omi gíráàmù 50, ẹ bò ó láìdí i pa, ẹ fi síbi tó tó 24 sí 28. Lójoojúmọ́, ẹ bu gíráàmù 50 sílẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ kó ìyókù kúrò, ẹ fi fúláwà gíráàmù 50 àti omi gíráàmù 50 bọ́ ọ. Òun ni wọ́n ń pè ní sítátà.

Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó lè hó gan-an kó sì rùn. Ẹ má tíì yọ̀, bakitéríà ló ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe yíìsì. Lẹ́yìn ìyẹn á dákẹ́ pátápátá bíi ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dà á nù, ó sì ń dùn mí torí ìgbà yẹn ni nǹkan gidi ń bọ̀. Kíkan ẹ̀ ń pọ̀ sí i, àwọn bakitéríà burúkú ń kú, yíìsì tó lè fara da kíkan àti bakitéríà rere tó ń mú un kan sì ń gba ibẹ̀. Ẹ máa bọ́ ọ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tó bá ti ń di ìlọ́po méjì ní wákàtí 4 sí 8 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bọ́ ọ, léraléra, ó ti ṣe é lò. Omi dúdú tó bá wà lójú ẹ̀, ebi ló ń pa á, ẹ dà á kúrò kẹ́ ẹ bọ́ ọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ píǹkì tàbí ọsàn, tàbí tó hu irun lójú, ẹ kó gbogbo ẹ̀ dà nù, ẹ má ha nǹkan kan kúrò lójú ẹ̀ pé ẹ máa lo ìyókù.

Àwọn ìbéèrè kéékèèké tó ṣẹ́ kù

Ṣé yíìsì búrẹ́dì ló ń fa àrùn yíìsì táwọn obìnrin máa ń ní? Rárá, Candida ló sábà máa ń fa ìyẹn, irú yíìsì mìíràn ni, tó máa ń gbé lára èèyàn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní in, kó lọ rí dókítà, kó má fi yíìsì ilé ìdáná tọ́jú ara ẹ̀.

Ṣé ìkan náà ni báékìn páúdà? Ìyẹn kẹ́míkà ni, kò lẹ́mìí, kò nílò kẹ́ ẹ dúró dè é, ẹ ò sì lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ṣé mo lè tún lo yíìsì tó wà nínú fúláwà tí mo pò lánàá? Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dáa. Ẹ gé bíi gíráàmù 100 nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ìyókù wọ ààrò, ẹ fi sínú abọ́ tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀ kó lè wú, ẹ gbé e sí fíríìjì. Ó lè dúró ọjọ́ méjì sí mẹ́ta níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé e jáde ní wákàtí kan ṣáájú kí òtútù lè kúrò lára ẹ̀, ẹ já a wẹ́wẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́ ẹ máa fi po ti tuntun, kẹ́ ẹ dín yíìsì gbígbẹ tẹ́ ẹ máa fi sí i kù díẹ̀.